Ẹ Bi Tíṣà: Iyọ̀ ọbẹ̀, omi kànga, ẹ̀gbà ọwọ́ àti aró tó ń yí àwọ̀

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin èèyàn mi. Nínú ìwé ìròyìn tó kọjá mo kọ gbólóhùn kan péré nípa iyọ̀, mo ní nǹkan méjì tó léwu ló para pọ̀ di iyọ̀, mi ò mọ̀ pé gbólóhùn yẹn ló máa kó lẹ́tà wá tó báyìí. Ẹ̀rù ba àwọn kan, inú bí àwọn kan, àwọn míì kàn fẹ́ mọ̀ sí i ni. Mo ti ka gbogbo ẹ̀, mo dẹ̀ mú àwọn tí mo rò pé ó máa wúlò fún èèyàn púpọ̀. Nǹkan bíńtín kan tí wọ́n ń pè ní ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù ló wà nídìí gbogbo wọn, torí náà ẹ fara balẹ̀ bá mi kà á.

"Ẹ káàárọ̀ mà. SS1 ni mo wà, ní Ìlọrin. Tíṣà kẹ́mísírì wa sọ pé tí sódíọ́mù bá kan omi ó máa gbiná, pé kílóríìnì dẹ̀ jẹ́ gáàsì tó lè pa èèyàn. Ẹ̀yin náà tún kọ ọ́ pé àwọn méjèèjì ló di iyọ̀. Mo sọ fún màmá mi, wọ́n ní ṣé káwọn má fi iyọ̀ sọ́bẹ̀ mọ́ ni. Báwo la ṣe ń jẹ ẹ́ tí a ò kú?"

Ọmọ mi, o káre, ìbéèrè gidi lo bi yìí. Kọ́kọ́ sọ fún màmá ẹ pé kí wọ́n fi iyọ̀ sọ́bẹ̀ jàre, kó má ṣáà ti pọ̀ jù.

Òótọ́ ni gbogbo ohun tí tíṣà ẹ sọ. Sódíọ́mù jẹ́ mẹ́táàlì tó rọ̀ débi pé ọ̀bẹ lè gé e bí ìgbà téèyàn ń gé ọṣẹ ìfọṣọ, ojú ibi tí wọ́n bá ti gé e á dán bíi fàdákà, kò ní pẹ́ á ti ṣú. Inú òróró ni wọ́n ń rì í sí ní láábù kí afẹ́fẹ́ àti omi má bàa kàn án. Nígbà tí mo wà ní yunifásítì, lẹ́kíṣọ́rà wa gé ẹyọ kan tó kéré sí hóró ẹ̀wà, ó jù ú sínú abọ́ omi, gbogbo wa ti sún sẹ́yìn, bí nǹkan kékeré yẹn ṣe di róbótó bí ìlẹ̀kẹ̀ nìyẹn, ó ń sáré kiri lójú omi, ó ń hó ṣìì, nígbà tó yá ó gbaná, iná ẹ̀ yẹ́lò, ó dún pàà, kò ku nǹkan kan mọ́. Títí dòní, tí mo bá dúró níwájú kíláàsì, ìró yẹn ṣì wà létí mi.

Kílóríìnì ní tiẹ̀ jẹ́ gáàsì, àwọ̀ ẹ̀ wà láàárín àwọ̀ ewé àti yẹ́lò, òórùn ẹ̀ jọ ti blíìṣì tí à ń fi fọ aṣọ funfun. Lọ́jọ́ 22 oṣù kẹrin ọdún 1915, nígbà Ogun Àgbáyé Àkọ́kọ́, àwọn sójà Jámánì ṣí sílíńdà ẹ̀ sílẹ̀ nítòsí ìlú Ypres ní Belgium, atẹ́gùn gbé e lọ bá àwọn sójà Faransé nínú kòtò tí wọ́n wà, ó ba ẹ̀dọ̀fóró wọn jẹ́, ó pa ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú wọn.

Kí ló wá ṣẹlẹ̀ táwọn méjì yìí fi pàdé tí wọ́n di nǹkan ọbẹ̀? Átọ́ọ̀mù ni ẹyọ bíńtín tí gbogbo nǹkan fi kóra jọ. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní kókó láàárín, kókó yẹn jẹ́ pọ́sítífù torí àwọn pùrótọ́ọ̀nù inú ẹ̀, àwọn ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù tó jẹ́ nẹ́gétífù wá yí i ká ní agbo-agbo. Sódíọ́mù ní ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù 11: méjì wà ní agbo inú, mẹ́jọ ní agbo kejì, ẹyọ kan ṣoṣo ló wá dá wà lóde. Kílóríìnì ní 17: méjì, mẹ́jọ, méje. Ẹyọ kan tó dá wà lóde yẹn ni gbogbo wàhálà sódíọ́mù, kókó ò dì í mú dáadáa, omi pàápàá lè gbà á lọ́wọ́ ẹ̀. Kílóríìnì ní tiẹ̀, ńṣe ló ń já tàwọn ẹlòmíì gbà, nǹkan tó ń ṣe fún ẹ̀dọ̀fóró náà nìyẹn.

Tí méjèèjì bá pàdé, ẹyọ yẹn á kúrò lára sódíọ́mù, á bọ́ sára kílóríìnì. Ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù 10 ló kù lára sódíọ́mù, pùrótọ́ọ̀nù 11 ṣì wà nínú kókó ẹ̀, ó ti di pọ́sítífù, ohun tí à ń pè ní áyọ́ọ̀nù nìyẹn. Kílóríìnì ti ní 18 sí pùrótọ́ọ̀nù 17, òun náà di áyọ́ọ̀nù, nẹ́gétífù ni tiẹ̀. Ibi tí mo fẹ́ kó o fọkàn sí rèé: ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù tí sódíọ́mù ì bá fi bá omi jà, kò sí lọ́wọ́ ẹ̀ mọ́. Èyí tí kílóríìnì ì bá lọ já gbà lára èèyàn, ó ti rí i gbà níbòmíì. Kókó wọn ò yí padà o, orúkọ sódíọ́mù pàápàá ò yí padà, àmọ́ ìwà wọn ti yí pátápátá. Nígbà tó o bá ka "sódíọ́mù" lára páálí bísíkíìtì, áyọ́ọ̀nù ni wọ́n ń sọ, kì í ṣe mẹ́táàlì tó ń gbiná.

Wọ́n á sọ fún ẹ nínú ìwé pé átọ́ọ̀mù "fẹ́" ní mẹ́jọ lóde. Há a sórí fún ìdánwò, àmọ́ má gbà á tán. Átọ́ọ̀mù ò fẹ́ nǹkan kan, kò lọ́kàn. Jẹ́ ká ṣírò ẹ̀ bíi ti oníṣòwò. Láti já ẹyọ ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù yẹn kúrò lára sódíọ́mù máa ná wa ní 496, kílójúùlù tí à ń fi wọn agbára la fi ń kà á, fún iye átọ́ọ̀mù tí wọ́n ń pè ní móòlù kan. Nígbà tí kílóríìnì bá gbà á, 349 ló máa wọlé padà. Gbèsè 147 ṣì wà nílẹ̀, tó bá jẹ́ ibẹ̀ lọ̀rọ̀ parí sí, iyọ̀ ò ní sí láyé. Ohun tó san gbèsè yẹn ni pé pọ́sítífù àti nẹ́gétífù ń fa ara wọn, wọ́n wá kóra jọ, sódíọ́mù kọ̀ọ̀kan ní kílóríìnì mẹ́fà yí i ká, lókè, nísàlẹ̀, lọ́tùn-ún, lósì, níwájú, lẹ́yìn, kílóríìnì kọ̀ọ̀kan náà ní sódíọ́mù mẹ́fà, ìkórajọ yẹn mú nǹkan bíi 787 wọlé. Èrè ńlá nìyẹn. Ìdí ẹ̀ rèé tó fi jẹ́ pé ooru máa dé 801 lórí ìwọ̀n Celsius kí iyọ̀ tó yọ́. Tó o bá rí gíláàsì tó ń mú nǹkan tóbi, bu iyọ̀ díẹ̀ sórí páálí dúdú kó o wo hóró ẹ̀, wà á rí i pé ó ní igun bí àpótí kékeré. Bí àwọn áyọ́ọ̀nù yẹn ṣe tò nínú lọ́hùn-ún ló hàn sí ẹ lójú yẹn.

"Ẹ kú iṣẹ́ mà. Oníwáyà ni mí, ní Mushin. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ní ká máa da iyọ̀ àti èédú sínú ihò tí a bá fẹ́ rì irin ẹ́ẹ̀tì, irin tó ń kó iná tó bá ṣìnà lọ sínú ilẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ mi wá bi mí lọ́jọ́ kan pé kí ló dé tí kì í ṣe ṣúgà. Mo rẹ́rìn-ín, àmọ́ mi ò rí èsì fún un."

Ọ̀gá, ọmọ iṣẹ́ yín lọ́pọlọ, ẹ dì í mú dáadáa. Ẹ jọ gbìyànjú èyí wò: bátìrì tọ́ọ̀ṣì mẹ́rin tí ẹ tò tẹ̀léra, LED pupa kékeré kan, àti wáyà. Ẹ má fi iná ilé dán an wò o, bátìrì nìkan. Ẹ ki orí wáyà méjèèjì bọ inú iyọ̀ gbígbẹ, LED ò ní tàn. Ẹ da omi sí iyọ̀ yẹn, á tàn. Ẹ wá ṣe ti ṣúgà, ẹ po ó títí á fi dùn bí oyin, kò ní tàn.

Nínú iyọ̀ gbígbẹ, àwọn áyọ́ọ̀nù wà níbẹ̀ àmọ́ wọ́n há, wọn ò lè rìn. Omi ló tú wọn sílẹ̀, pọ́sítífù wá ń rìn lọ sí orí kan, nẹ́gétífù ń rìn lọ sí orí kejì, kọ́rẹ́ǹtì tí ẹ ń rí nìyẹn. Orúkọ áyọ́ọ̀nù gan-an sọ ọ́, Michael Faraday ní ìlú òyìnbó ló bẹ̀rẹ̀ sí í lo ọ̀rọ̀ náà lọ́dún 1834, láti inú èdè Gíríìkì, ìtumọ̀ ẹ̀ ni "ohun tó ń lọ". Ṣúgà ní tiẹ̀ ò ní áyọ́ọ̀nù kankan. Átọ́ọ̀mù 45 ló so pọ̀ di mólékùùlù ṣúgà kan, gbogbo wọn jọ ń lo ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù ní àjùmọ̀ní, tó bá yọ́ sínú omi, odindi mólékùùlù ló ń wọlé, kò sí pọ́sítífù kò sí nẹ́gétífù, kí ló máa wá gbé iná? Ti wáyà kọ́pà tiẹ̀ tún yàtọ̀, níbẹ̀ àwọn ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù fúnra wọn ló ń rìn láàárín mẹ́táàlì, kò nílò omi.

Iyọ̀ inú ihò ẹ́ẹ̀tì ń ṣiṣẹ́ torí ilẹ̀ tútù, èédú dẹ̀ ń bá wa di omi mú. Àmọ́ òjò á máa fọ iyọ̀ yẹn lọ díẹ̀díẹ̀, iyọ̀ kan náà ló dẹ̀ ń mú kí irin tètè dípẹtà, torí náà ẹ má rì í kẹ́ ẹ gbàgbé ẹ̀, ẹ máa padà lọ wọ̀n ọ́n. Ẹ dẹ̀ sọ fún ọmọ iṣẹ́ yín pé omi iyọ̀ ni òógùn, ọwọ́ tó bá ń làágùn kò gbọ́dọ̀ kan wáyà.

"Alágbàfọ̀ ni mí, ẹ̀gbẹ́ Ewékorò ni mò ń gbé. Omi kànga wa mọ́ lójú, àmọ́ ọṣẹ kì í hó níbẹ̀, ńṣe ló máa dà bíi wàrà tó bàjẹ́, á lẹ̀ mọ́ bàsíà. Tí òjò bá rọ̀, ọṣẹ kékeré báyìí á hó kún bàsíà. Wọ́n ní ẹnì kan ló ṣe nǹkan sínú kànga wa."

Kò sẹ́ni tó ṣe nǹkan sí i o, ẹ má bá aládùúgbò jà. Ilẹ̀ Ewékorò yẹn ni wọ́n ti ń wa òkúta tí wọ́n fi ń ṣe sìmẹ́ǹtì, ẹ̀yin náà mọ̀. Omi òjò tó ń wọlẹ̀ máa ń gbé gáàsì kábọ́ọ̀nù dáyọ́ksáìdì dání, ó máa ń jẹ òkúta yẹn díẹ̀díẹ̀, áyọ́ọ̀nù kásíọ́mù, èyí tí òyìnbó ń pè ní calcium, á wá kún inú omi. Ojú ò lè rí i.

Ọṣẹ náà, áyọ́ọ̀nù ni. Ó ní ìrù gígùn tó fẹ́ràn òróró, ó ní orí tó jẹ́ nẹ́gétífù, sódíọ́mù ló dúró tì í. Kásíọ́mù ti pàdánù ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù méjì, pọ́sítífù ẹ̀ lágbára ju ti sódíọ́mù lọ, tí ọṣẹ bá dé inú omi kànga yín, kásíọ́mù kan á gbá orí ọṣẹ méjì mú, wọ́n á di èérí funfun tí omi ò lè gbé mọ́. Ohun tó ń lẹ̀ mọ́ bàsíà yín nìyẹn. Ọṣẹ tẹ́ ẹ bá kọ́kọ́ rẹ́, kásíọ́mù ló ń lọ bá, kì í ṣe ìdọ̀tí, àfìgbà tí kásíọ́mù bá tán kó tó hó. Omi òjò ò tíì kan òkúta, ìdí tó fi ń hó nìyẹn.

Ẹ gbé omi náà kaná kó hó dáadáa, apá kan nínú kásíọ́mù yẹn á di ẹfun nísàlẹ̀ ìkòkò, ẹ wá da omi tó mọ́ lókè lò. Tí iyẹn bá ná yín lówó gáàsì jù, ẹ bèèrè sódà ìfọṣọ lọ́jà, èyí tí kì í ṣe ti ọlọ́ṣẹ tó ń jó ọwọ́ o, ẹ da díẹ̀ sínú omi kẹ́ ẹ tó fi ọṣẹ sí i, òun ló máa kọ́kọ́ kó kásíọ́mù kúrò nílẹ̀. Ọṣẹ oníyẹ̀fun náà máa ń fara dà á ju ọṣẹ ọ̀pá lọ. Ẹ dẹ̀ gbé dúrọ́ọ̀mù síbi tí òrùlé ń jò sí.

"Mò ń kọ́ àwọn ọmọ tó fẹ́ ṣe JAMB, ní Àkúrẹ́. Mo ti ń sọ fún wọn látọjọ́ yìí pé agbára wà nínú ìsopọ̀ átọ́ọ̀mù, tí ìsopọ̀ yẹn bá já lagbára ń tú jáde, bíi ti gáàsì ìdáná. Ọmọ kan ní kò rí bẹ́ẹ̀. Ta ló gbà nínú àwa méjèèjì?"

Ọmọ yẹn ló gbà, sà. Ẹ padà lọ sọ fún un níwájú àwọn yòókù, ó máa ṣe é lóore ju máàkì lọ.

Ìsopọ̀ kì í já lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ gbọ́dọ̀ náwó lé e lórí. Ẹ wo garawa tó wà nísàlẹ̀ kànga, kẹ́ ẹ tó fà á jáde ẹ máa làágùn, tó bá já bọ́ padà ni yóò dún gbì. Fífà á jáde dà bíi jíjá ìsopọ̀, jíjá bọ́ padà dà bíi kí átọ́ọ̀mù méjì so pọ̀. Ẹ mú háídírójìn àti ọ́síjìnì tó ń jó di omi. Átọ́ọ̀mù háídírójìn méjì jọ ń lo ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù méjì ní àjùmọ̀ní, Gilbert Lewis ní Amẹ́ríkà ló gbé ọ̀rọ̀ àjùmọ̀ní yìí kalẹ̀ lọ́dún 1916. Láti já ìsopọ̀ háídírójìn kan máa ná wa ní kílójúùlù 436, ẹ nílò méjì, 872 nìyẹn. Ti ọ́síjìnì jẹ́ 498. Àpapọ̀ owó tá a ná, 1370. Nígbà táwọn átọ́ọ̀mù yẹn bá wá so pọ̀ di omi, ìsopọ̀ mẹ́rin ló máa wà, ọ̀kọ̀ọ̀kan ń mú 463 wọlé, ìyẹn 1852. Ẹ yọ 1370 kúrò nínú ẹ̀, ó ku 482, òun ni iná àti ooru tẹ́ ẹ rí.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti gáàsì ìdáná. Ìsopọ̀ tuntun tí kábọ́ọ̀nù àti háídírójìn ń ní pẹ̀lú ọ́síjìnì ló ń se ìrẹsì yín, kì í ṣe jíjá èyí tó já. Ìdí tí ẹ fi gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣá iná sí i náà nìyẹn, owó tẹ́ ẹ fi ń bẹ̀rẹ̀ ọjà ni iná ìṣáná yẹn. Tó bá jẹ́ pé jíjá nìkan ló ń mú agbára jáde ni, sílíńdà ì bá ti bú láti ṣọ́ọ̀bù.

"Ẹ ṣàpèjúwe ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù nínú ìwé ìròyìn tó kọjá bí ayé ṣe ń yí oòrùn ká. Wọ́n ti kọ̀ yẹn sílẹ̀ tipẹ́. Ẹ ṣe àtúnṣe." Láti ọ̀dọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Ìbàdàn.

O ṣeun, òótọ́ lo sọ. Niels Bohr ló fún wa ní àwòrán ọ̀nà róbótó-róbótó lọ́dún 1913, ó dẹ̀ wúlò nígbà náà, àmọ́ látọdún 1926 tí Erwin Schrödinger ti gbé ìṣirò tiẹ̀ jáde, a mọ̀ pé ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù ò ní ojú ọ̀nà kan tó ń tọ̀. Ohun tá a lè sọ ni ibi tó ṣeé ṣe kó wà, bí ìkùukùu tó ki níbì kan tó fẹ́lẹ́ níbòmíì. "Agbo" tí mò ń lò lónìí yìí, fún kíkà iye wọn ni, kì í ṣe ojú ọ̀nà. Kí gbogbo òǹkàwé bá mi tún ti tẹ́lẹ̀ yẹn ṣe.

"London ni mo wà, bàbá mi wà ní Ìjẹ̀bú-Òde. Wọ́n ta ẹ̀gbà ọwọ́ kan fún wọn lówó gọbọi, wọ́n ní ó ń tú nẹ́gétífù áyọ́ọ̀nù jáde, pé ó ń wo ẹ̀jẹ̀ ríru. Bàbá ti wá ń fo oògùn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ ọ́ lédè tí wọ́n máa gbọ́."

Ẹ pe bàbá lónìí, ẹ má dúró di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, kí wọ́n padà sídìí oògùn tí dókítà fún wọn. Ẹ ka èyí sí wọn létí: Bàbá, ẹ kú àárọ̀ o. Ẹ̀gbà yín ò lè máa tú nẹ́gétífù jáde títí lọ, torí tí nẹ́gétífù bá ń kúrò lára nǹkan, pọ́sítífù á ṣẹ́kù síbẹ̀, á tún fà á padà. Bó ti wù kí iyọ̀ yín kún fún áyọ́ọ̀nù tó, pọ́sítífù àti nẹ́gétífù ibẹ̀ dọ́gba. Kò sí ẹ̀rí pé ẹ̀gbà kankan ń mú ẹ̀jẹ̀ ríru wálẹ̀. Ohun tó tún ń bà mí lẹ́rù ni pé lọ́dún 2021, àjọ tó ń bójú tó ìtànṣán ní Netherlands yẹ irú ọjà báyìí wò, ẹ̀gbà ọwọ́ àti ti ọrùn wà nínú wọn, wọ́n bá ìtànṣán tó lè pa èèyàn lára níbi mẹ́wàá, wọ́n ní kẹ́nikẹ́ni má wọ̀ ọ́ mọ́. Mi ò rí ti bàbá yín, àmọ́ ẹ jẹ́ kí wọ́n bọ́ ọ.

Áyọ́ọ̀nù tó kan ẹ̀jẹ̀ ríru gan-an wà nínú ọbẹ̀. Sódíọ́mù inú iyọ̀ tá a jẹ ló ń mú ara di omi mú, omi yẹn ló ń mú kí ẹ̀jẹ̀ ta sókè. Àjọ WHO ní kí àgbàlagbà má jẹ tó gíráàmù 5 iyọ̀ lóòjọ́, bíi ṣíbí tíì kan, tèyí tó wà nínú èròjà amọ́bẹ̀dùn, búrẹ́dì àti indomie náà wà nínú ẹ̀. Kí wọ́n dín ìyẹn kù, wọn ò ní san kọ́bọ̀ fún un. Kẹ́nì kan má tún torí ẹ̀ sọ pé áyọ́ọ̀nù burú o: ọmọ tó ń yàgbẹ́ gbuuru ń pàdánù áyọ́ọ̀nù yẹn gan-an, nǹkan tó ń gbà á là ni ORS, iyọ̀ gíráàmù 2.6 ló wà nínú èyí tí wọ́n ń pò mọ́ lítà omi kan, ṣúgà tó wà pẹ̀lú ẹ̀ ló ń bá sódíọ́mù wọlé láti inú ìfun, omi á wá tẹ̀ lé wọn.

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìtòkú ní Abẹ́òkúta ni mo ti ń ṣe àdìrẹ. Tí mo bá yọ aṣọ nínú aró, àwọ̀ ewé ló máa ń ní, kò ní pẹ́ á di búlúù lójú mi báyìí. Ọmọ mi bi mí ohun tó fà á, mo ní bí aró ṣe ń ṣe nìyẹn. Ìkejì, hydro mi, ìyẹ̀fun kẹ́míkà tí mò ń dà sínú aró, kì í pẹ́ bàjẹ́, tó bá ti lé ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan kò ní ṣiṣẹ́ mọ́. Ṣé ayédèrú ni wọ́n ń tà fún mi?"

Màmá, ẹ kú iṣẹ́ aró, aró yín ò ní bàjẹ́. Mo ti ń retí lẹ́tà yìí látìgbà tí mo ti ń kọ nǹkan síbí. Aláró ni ìyá mi àgbà, ewé èlú àti omi eérú ni tiwọn, wọ́n á kí Ìyá Mọ̀pó, òrìṣà àwọn aláró, kí wọ́n tó ṣí ìkòkò. Èmi ni mo máa ń di etí aṣọ kan mú tí a bá ń tẹ́ ẹ. Mo rántí pé etí aṣọ ló máa ń kọ́kọ́ dúdú, àárín á tẹ̀ lé e, ibi tó bá ṣẹ́ pọ̀ á ṣì jẹ́ àwọ̀ ewé, tí mo bá fi ọwọ́ tú u, á yí padà ní ìṣojú mi. Ibi tí afẹ́fẹ́ bá kàn ló ń yí. Èmi tí mo jẹ́ ọmọ ọdún méje mọ ìyẹn, mi ò kàn mọ ohun tó ń jẹ́ ni.

Aró búlúù kì í yọ́ nínú omi. Kò ní pọ́sítífù, kò ní nẹ́gétífù, mólékùùlù ẹ̀ di ara wọn mú, tẹ́ ẹ bá dà á sómi á kàn rọ̀ sísàlẹ̀ bí eruku, kò ní wọ inú òwú. Iṣẹ́ hydro ni láti fún mólékùùlù aró kọ̀ọ̀kan ní ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù méjì. Pẹ̀lú sódà ọlọ́ṣẹ tẹ́ ẹ fi sí i, aró yẹn á di áyọ́ọ̀nù nẹ́gétífù, omi á lè gbé e báyìí, àwọ̀ ẹ̀ á ṣí di yẹ́lò tó fẹ́ jọ ewé, á wọ inú fọ́nrán òwú lọ. Tẹ́ ẹ bá wá fa aṣọ jáde, ọ́síjìnì inú afẹ́fẹ́ á gba ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù méjèèjì yẹn padà. Aró á tún di búlúù, kò ní lè yọ́ mọ́, inú òwú ló dẹ̀ ti wà, ibẹ̀ ló há sí. Ìdí tí aṣọ yín kì í fi í tètè ṣí nínú fífọ̀ nìyẹn. Ẹ sọ fún ọmọ yín pé ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù ló ń lọ tó ń bọ̀ yẹn, ojú ẹ̀ dẹ̀ ń rí i.

Àwọn ìyá wa ò ní hydro. Kòkòrò àìfojúrí tó wà nínú ìkòkò, èyí tó ń jẹ́ kí aró kan, ló ń fún aró ní ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù, omi eérú dẹ̀ ń ṣe iṣẹ́ sódà. Tí wọ́n bá ní ká má ro ó sókè-sódò, pé aró á kú, òótọ́ ni, afẹ́fẹ́ tá a bá rò wọ inú ẹ̀ á gba ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù kí aṣọ tó dé ibẹ̀. Lọ́dún 1897 ni J. J. Thomson ní Cambridge fi hàn pé ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù wà. Ọdún yẹn kan náà ni ilé iṣẹ́ BASF ní Jámánì bẹ̀rẹ̀ sí í ta aró tí wọ́n ṣe ní ilé iṣẹ́, tí kì í ṣe ti ewé. Àwọn aláró wa ti ń fi nǹkan yẹn jẹun kó tó lórúkọ, ó dẹ̀ máa ń dùn mí tí mo bá rí ìwé kẹ́mísírì tá a fi ń kọ́ àwọn ọmọ wa, tí kò sí ìkòkò aró kankan nínú ẹ̀.

Ti hydro yín, ó lè má jẹ́ ayédèrú rárá. Ohun tó ń fẹ́ fún aró ní ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù, á fún afẹ́fẹ́ náà tí ẹ bá ṣí i sílẹ̀. Tó bá tún wá fà omi díẹ̀ mọ́ra, ó lè gbóná fúnra ẹ̀ débi pé á gbiná, ó ti ṣẹlẹ̀ níbi tí wọ́n kó o pamọ́ sí. Ẹ pín in sínú ike kéékèèké tó gbẹ tó ní ìdérí tó le, ẹ má ki ṣíbí tútù bọ̀ ọ́ láéláé, ẹ má da omi lé e lórí, inú omi púpọ̀ ni kẹ́ ẹ máa bù ú sí. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà tó gùn, kẹ́ ẹ bo ojú yín, torí sódà tó ń sọ epo di ọṣẹ kò mọ̀ pé awọ ara kì í ṣe epo. Omi aró tó kù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dà á sódò Ògùn, hydro tó ṣẹ́kù nínú ẹ̀ máa gba ọ́síjìnì lọ́wọ́ ẹja.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá èyí tó wà nílé ṣì dára, ẹ bu omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ sínú ife gíláàsì kan, ẹ fi aró ìwọ̀nba orí ìka sí i pẹ̀lú sódà díẹ̀, ẹ wá fi hydro ìwọ̀n ìdajì ṣíbí tíì sí i, ẹ rò ó jẹ́jẹ́, ẹ fi nǹkan bo orí ife. Tí kò bá ju bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ tí búlúù yẹn fi ṣí di yẹ́lò, ó ṣì ń ṣiṣẹ́. Tó bá ṣì ń wò yín ní búlúù, ó ti fún afẹ́fẹ́ tán.